Liz and the Blue Bird àbí Our Promise: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò?

Ẹni tó bá ti wo sáà méjèèjì àkọ́kọ́ Sound! Euphonium, eré àwòrán (anime) Jàpáàn orí tẹlifíṣọ̀n, tán yóò bá fíìmù méjì lójú ọ̀nà, kò sì ní mọ èyí tí òun yóò kọ́kọ́ mú. Ilé-iṣẹ́ kan náà, Kyoto Animation, ló ṣe méjèèjì. Inú ìtàn kan náà tí Ayano Takeda kọ ni wọ́n ti yọ wọ́n. Ọdún ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń sọ, orin kan náà sì ni ẹgbẹ́ onífèrè ilé-ẹ̀kọ́ Kitauji ń dánra wò nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè wo wọ́n tán kó má gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Liz and the Blue Bird dákẹ́, ó tutù, ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Our Promise: A Brand New Day ń sáré, ó ń pariwo, èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Bí ẹ bá ń kánjú, ìdáhùn rèé: ẹ wo Liz kí ẹ tó wo Our Promise. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ráyè fún, ẹni tó fẹ́ràn Kumiko, ọmọbìnrin tí eré náà ń tẹ̀ lé, àti ọ̀rọ̀ ìdíje kó mú Our Promise. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa eré náà, tó kàn fẹ́ wo fíìmù tó dáa, kó mú Liz.

| | Liz and the Blue Bird | Our Promise |
|---|---|---|
| Ìgbà tó jáde ní Jàpáàn | 21 oṣù Kẹrin 2018 | 19 oṣù Kẹrin 2019 |
| Gígùn | ìṣẹ́jú 90 | ìṣẹ́jú 100 |
| Olùdarí | Naoko Yamada | Tatsuya Ishihara |
| Ẹni tó kọ eré | Reiko Yoshida | Jukki Hanada |
| Ẹni tó ya ìrísí àwọn ẹ̀dá-ìtàn | Futoshi Nishiya | Shoko Ikeda |
| Orin | Kensuke Ushio àti Akito Matsuda | Akito Matsuda |
| Ta ni a tẹ̀ lé? | Mizore àti Nozomi, ọdún kẹta | Kumiko, ọdún kejì |

Ẹ wo bí orúkọ ṣe yàtọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ishihara, Hanada, Ikeda àti Matsuda ló ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 2015 àti 2016, àwọn náà ló sì ṣe Our Promise. Ti Liz, ọwọ́ mìíràn ló dá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yamada kì í ṣe àlejò: lábẹ́ Ishihara, òun ló ń ṣàkóso bí wọ́n ṣe ń darí àwọn apá eré náà. Ó mọ ilé náà dáadáa, ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹnu ọ̀nà mìíràn jáde ni. (Nishiya àti Ikeda wà lára àwọn ènìyàn 36 tó kú nígbà tí wọ́n dáná sun ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 18 oṣù Keje 2019.)

Ohùn eré náà kó tó yà

Ìlú Uji, lágbègbè Kyoto, ni Kitauji wà. Olùkọ́ tuntun kan, Taki, dé, ó ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onífèrè yan ọ̀kan: ṣé ìgbádùn ni wọ́n ń fẹ́, àbí wọ́n fẹ́ dé ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè? Wọ́n nawọ́ sí ìdíje, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, eré náà kì í fi nǹkan pamọ́ fún wa. Bí Kumiko bá ń rò ó nínú, a óò gbọ́. Bó bá dùn ún pé òun kò mọ fèrè fọn tó, yóò sáré lórí afárá Uji, yóò máa kígbe pé òun fẹ́ mọ̀ ọ́n sí i. Àwọ̀ rẹ̀ gbóná, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kọ mànà lára àwọn fèrè onídẹ, ojú àwọn ọmọ náà tóbi, ó sì ń dán. Ẹ fi gbogbo èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí Yamada bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Liz: ohun tó yọ kúrò, àti ohun tó fi rọ́pò

Ẹ̀gbẹ́ Kumiko ni ìwé Takeda dúró sí. Ohun tí Kumiko kò bá tọ pinpin rẹ̀, òǹkàwé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Yamada fa okùn kan yọ nínú ìwé yẹn: ọ̀rọ̀ Mizore Yoroizuka tó ń fọn oboe, fèrè onígi kan, àti Nozomi Kasaki tó ń fọn flute, fèrè tí wọ́n ń gbé dábùú ẹnu. Ó gé okùn náà kúrò lára ìyókù. Kumiko fúnra rẹ̀ di èrò ẹ̀yìn. Ó yọjú, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, òun àti Reina ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọn orin náà pọ̀ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó parí. Ohùn inú ọkàn tó máa ń là á yé wa kò sí mọ́. Mizore kì í sábà sọ̀rọ̀. Nozomi ń sọ̀rọ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n kì í sọ èyí tó wà níkùn rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tó ń retí kí wọ́n wí i síta yóò retí títí fíìmù yóò fi tán.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Nínú fíìmù yìí, ẹsẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, àti ọwọ́, àti irun. Kámẹ́rà a máa dúró sí orúnkún, sí bàtà, sí ìka tó ń fi nǹkan ṣeré lórí tábìlì, nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an kò sí lójú àwòrán. Ọ̀rọ̀ a há Mizore lọ́fun, ọwọ́ rẹ̀ a sì lọ síbi irun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, a máa fi ọwọ́ pa á. Irun ẹ̀yìn orí Nozomi, tó so pọ̀, a máa jù sọ́tùn-ún sósì bó ti ń rìn, Mizore a sì máa wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fojú sí nǹkan méjì yìí péré, ìdajì ìtàn náà ti yé yín kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ìrísí wọn náà yí padà. Nishiya fà wọ́n gùn, ó sọ wọ́n di tẹ́ẹ́rẹ́, ó yọ dídán kúrò lójú wọn, ìlà tó fi yà wọ́n sì tín-ín-rín. Àwọ̀ fíìmù náà ṣá, ó ní búlúù àti ewéko nínú, bí ohun tí ènìyàn ń wò láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹni tó bá gbé àwòrán Mizore láti inú sáà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú Liz lè rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni.

Ìtàn mìíràn tún wà nínú ìtàn náà. Ìwé ọmọdé kan wà tí orin tí wọ́n ń dánra wò dá lé lórí: Liz, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń dá gbé, tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, gba ọmọbìnrin onírun búlúù kan sílé lẹ́yìn ìjì, ọmọbìnrin náà sì ni ẹyẹ búlúù tó máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Abala inú ìwé yìí ni wọ́n ya bí àwòrán olómi, àwọ̀ rẹ̀ kún, ó móoru. Inú rẹ̀ nìkan ni pápá gbalasa, adágún omi àti ojú ọ̀run ti pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni Mizore àti Nozomi wà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí fíìmù yóò fi kù díẹ̀ kó parí. Nígbà tí wọ́n bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ wẹ̀ ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́, a kò tẹ̀ lé wọn lọ; fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù la rí. Àwọn kan máa ń ráhùn pé èyí ń fún àwọn lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí: ilé ẹyẹ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sì tíì mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ń ṣí.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù ni ohùn tó ń wọ etí yín. Ushio kò kọ orin tó ń fọwọ́ tọ́ni pé ó yá, ẹ sunkún. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gidi tí wọ́n fi ṣe àwòṣe Kitauji lọ, ó ń kan àga, ó ń kan fèrèsé, ó ń kan ìgò inú yàrá sáyẹ́ǹsì, ó gba ìró wọn sílẹ̀, ó sì hun wọ́n mọ́ orin. Ó tún yá ọgbọ́n kan lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní decalcomania: ẹ kán yíǹkì sórí ìwé, ẹ ká ìwé náà sí méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí i. Apá òsì àti apá ọ̀tún jọra, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ibi tí wọ́n ti bára mu délẹ̀délẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ya àwọn ẹyẹ kan tó ń fò lójú àwòrán. Ọ̀rẹ́ méjì tó jọra lójú ayé, tí ọ̀kan kò sì bá èkejì dọ́gba: ohun tí fíìmù náà ń sọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fi ẹnu sọ ọ́.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mizore ti dé ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹlòmíràn tó dé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń dúró. Ìró ẹsẹ̀ kan ń bọ̀. Ó gbójú sókè. Ẹni tó ń retí kọ́, ó sì rẹ ojú sílẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ mìíràn tún ń bọ̀, èyí yá, ó ń ta bí ẹni tó fẹ́ jó. Kí a tó rí ojú ẹnikẹ́ni ni Mizore ti mọ̀. Nozomi kọjá, Mizore dìde, ó tẹ̀ lé e. Nozomi bá ìyẹ́ búlúù kan nílẹ̀, ó gbé e wo sí ìmọ́lẹ̀, ó fi lé Mizore lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n kàn ń rìn ni: ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ̀gùn, yàrá orin, Nozomi níwájú, Mizore lẹ́yìn. Ẹ tẹ́tí sí bàtà wọn. Ìgbésẹ̀ méjèèjì kò bọ́ sí ojú kan, orin tó wà lábẹ́ wọn sì ń gbé ìgbésẹ̀ méjèèjì lọ pọ̀ láìfi ipá so wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan tí fíìmù náà kọ sójú àwòrán ní ìbẹ̀rẹ̀ ni "disjoint", ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò fún àkójọ méjì tí kò ní ohun kan ṣoṣo pọ̀. Ẹni tó bá fo ibi ìrìn yìí nítorí pé "kò tíì sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀" ti fo kọ́kọ́rọ́ ilé.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí Yamada máa ṣe irú èyí. Tamako Market, eré apá 12 ti ọdún 2013, kún fún ẹ̀rín àti ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ní 2014 ó fi ìṣẹ́jú 83 ṣe Tamako Love Story lára rẹ̀, ó ti ẹyẹ aláriwo náà sínú eré kékeré kan níbẹ̀rẹ̀, ó sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ fún ọmọkùnrin kan tí kò mọ bí yóò ṣe sọ pé òun fẹ́ràn ọmọbìnrin ilé kejì. Ẹni tí fíìmù yẹn bá wọ̀ lára, Liz yóò wọ̀ ọ́ lára.

Our Promise: ilé tí èrò kún

Kumiko ti di ẹ̀gbọ́n báyìí. Àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní dé, mẹ́rin lára wọn sì jẹ́ ẹrù rẹ̀: Kanade tó ń fọn euphonium, fèrè onídẹ, bíi tirẹ̀, Mirei àti Satsuki tí wọ́n jọ ń fọn tuba, fèrè onídẹ tó tóbi jù, tí wọ́n tún jọ ń jẹ́ Suzuki, àti Motomu tó ń ta contrabass, ohun èlò olókùn ńlá. Mirei mọ tuba fọn ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn ṣe, ìyẹn sì bú jáde nígbà ìwọ́de orin SunFes. Kanade ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ohùn tí ẹ mọ̀ nìyí. Bí inú bá bí wọn, wọ́n á wí i. Ọ̀kan gbòógì nínú rẹ̀ ni ìgbà ìdánwò tí wọ́n fi ń yan àwọn tí yóò lọ síbi ìdíje: Kanade mọ̀ọ́mọ̀ fọn burúkú kí Natsuki, ẹ̀gbọ́n ọdún kẹta, lè rí àyè wọlé. Natsuki tú àṣírí rẹ̀, Kanade sá jáde sínú òjò, Kumiko sì sá tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn nínú òjò yẹn, ìyẹn ìbéèrè pé kí ni ìsapá wà fún bí èrè kò bá sí, ni ọkàn fíìmù náà. Nínú Liz, ọ̀rọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ yóò parí sí ibi tí ẹnìkan ti ń fi ọwọ́ pa irun rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ hàn gbangba. Ìwé tó wá láti inú ìdìpọ̀ méjì ni wọ́n kì sínú ìṣẹ́jú 100, lẹ́yìn tí Liz ti kó ọ̀kan nínú ìtàn tó dùn jù níbẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ Kumiko àti Shuichi, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ń yọjú, ó ń sá wọlé. Motomu kò rí àyè rárá. Ìdí tí kò fi fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìdílé rẹ̀ pè é di ọdún 2024, ní sáà kẹta, ká tó gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ti ń rò pé wọ́n ń sáré jù, etí yín kò tàn yín jẹ.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó wò ó, nítorí fíìmù náà kà á sí pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Níbi ìdíje àwọn ẹgbẹ́ onífèrè Jàpáàn, ẹgbẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 55 lọ, ìṣẹ́jú 12 ni wọ́n sì ní láti fi fọn orin àpapọ̀ àti orin tí àwọn fúnra wọn yàn. Góòlù, fàdákà àti idẹ ni wọ́n ń pín, ṣùgbọ́n góòlù kì í ṣe ipò kìn-ín-ní: ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ lè gbà á lọ́jọ́ kan náà. Nínú àwọn tó gbà á ní ìdíje agbègbè Kansai, mẹ́ta péré ni wọ́n ń yàn lọ sí ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ nígbà tí kò tíì tó àkókò.

Ibi tí fíìmù méjèèjì ti pàdé

Orin "Liz and the Blue Bird" ní abala mẹ́rin: ọjọ́ tó ń lọ bí ìṣe rẹ̀, ìdílé tuntun, ìpinnu nítorí ìfẹ́, àti sí ojú ọ̀run tó jìnnà. Abala kẹta ni oboe àti flute ti ń dá bá ara wọn sọ̀rọ̀. Yamada kò mú wa dé orí ìtàgé ìdíje rárá. Yàrá ìdánrawò la ti gbọ́ abala kẹta náà bó ṣe yẹ kó dún, lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí: Mizore ní òun fẹ́ kí wọ́n fọn ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ohùn oboe rẹ̀ là, flute Nozomi bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, àwòrán sì ṣú nítorí pé ojú Nozomi ti kún fún omi. Ìgbà yẹn ló yé Nozomi pé gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá, ọ̀rẹ́ òun ló ń dẹ ẹsẹ̀ rìn nítorí òun.

Our Promise mú wa dé orí ìtàgé. A gbọ́ orin náà láti abala kìn-ín-ní dé ìkẹrin, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì ni ín: ìlù, idẹ, bass, ọwọ́ Taki tó ń darí. Mizore jókòó síbẹ̀, ó fọn ìpín tirẹ̀, ó fọn ún débi tí awọ ara yóò fi ta gìrì, kò sì sí àlàyé kankan nípa bó ṣe di pé ó lè fọn bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní kí Liz ṣáájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo Our Promise yóò gbọ́ oboe tó dùn. Ẹni tó bá ti Liz bọ̀ yóò gbọ́ ẹni méjì tí wọ́n ti yanjú ohun kan láàárín ara wọn, tí àwọn 53 yòókù kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí ẹ bá yí i padà, ẹ kò ní sọnù, ṣùgbọ́n ẹ óò pàdánù ìyẹn. Ẹ óò tún ti mọ àbájáde ìdíje kí ẹ tó wọ inú Liz, ìbẹ̀rù ohun tó ń bọ̀ á sì ti dín kù.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ṣáájú

Fún Our Promise, kò sí àbùjá: sáà méjèèjì, apá 13 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ ìdí tí Natsuki kò fi wọ ẹgbẹ́ ìdíje lọ́dún tó kọjá, tàbí ohun tí Kumiko gbọ́ lẹ́nu Asuka, ẹ̀gbọ́n tó jọ ń fọn euphonium pẹ̀lú rẹ̀, kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ inú òjò yẹn fi dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Fún Liz, ó ṣeé dá wò lásán, ọ̀pọ̀ ló sì ti wò ó bẹ́ẹ̀ tó gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùjá kan wà tó dáa: apá kìn-ín-ní sí ìkẹrin nínú sáà kejì. Apá kìn-ín-ní gùn ju àwọn yòókù lọ, nítorí náà bíi wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ pé Nozomi ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ rí láìsọ fún Mizore, pé Mizore kò tíì gbàgbé, àti pé wọ́n parí ìjà náà. Liz bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè pé ṣé wọ́n parí ẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún pàkúté yìí: fíìmù ìkékúrú méjì wà tí wọ́n fi sáà méjèèjì ṣe, ọ̀kan ní 2016, èkejì ní 2017. Èyí ti 2017 dojú kọ Kumiko àti Asuka, ó sì gé ọ̀rọ̀ Mizore àti Nozomi sọnù gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ẹni tó wò ó dípò sáà kejì, tó wá ń sọ pé òun ti múra sílẹ̀ fún Liz, kò múra nǹkan kan.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́

Fún Our Promise, kò pọ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó ní sípíkà tó lágbára, ó tó. Ẹ lè jọ wò ó pọ̀, ẹ lè sọ̀rọ̀ láàárín.

Liz kò gba ìwàkiwà. Sípíkà fóònù kò lè gbé ìró bàtà àti ìró àga tí Ushio fi kọ orin jáde, ohun tí yóò ṣẹ́ kù sí yín létí kò ju dùùrù lásán. Ẹ lo íápíìsì, kódà bó jẹ́ ti owó pọ́ọ́kú. Ẹ má ṣe mú un yá ju bó ṣe wà lọ. Àwọn tó máa ń wo nǹkan ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ yóò rí i pé ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ àti orin kò ní ìtumọ̀ mọ́, torí pé ìgbésẹ̀ yẹn gan-an ni orin. Ẹ má fo abala inú ìwé ọmọdé pẹ̀lú ìrònú pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ óò máa rò pé ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́ Liz àti ẹni tó jẹ́ ẹyẹ láàárín ọ̀rẹ́ méjì náà. Ẹ di ìdáhùn yín mú, ṣùgbọ́n ẹ má dì í mú pinpin.

Lórí ọ̀rọ̀ èdè, ohùn Jàpáàn pẹ̀lú ìtumọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ ni kí ẹ yàn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Miyu Honda, ló sọ̀rọ̀ fún Liz àti fún ọmọbìnrin ẹyẹ náà, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Atsumi Tanezaki ló ń sọ̀rọ̀ fún Mizore, ẹni náà gan-an tó ń ṣe Anya aláriwo inú Spy x Family, eré àwòrán mìíràn. Ẹnu yóò yà yín sí bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó níbí. Ewu ibẹ̀ ni pé ojú yín lè dúró sórí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kó má rí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 90 kò sì pọ̀ jù fún un.

Ta ni kó mú èwo?

Àwọn ọmọdé tó ti ń wo eré náà kó mú Our Promise. Kò sí ohun tó burú nínú Liz fún wọn, wọn yóò kàn sùn ni. Ẹni tó ń fọn fèrè tàbí tó ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin rí, Our Promise ni yóò rán an létí ìjà àti ẹ̀rín, Liz ni yóò sì gún un níbi tó dùn ún: ìgbà tí ó yé ènìyàn pé ẹni tó jókòó tì í ní ẹ̀bùn tí òun kò ní. Olùkọ́ kan, Niiyama, fún Mizore ní ìwé ìléwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin. Nozomi rí i, ó ní bóyá òun náà yóò lọ. Mizore ní bí Nozomi bá lọ, òun á lọ. Wọn kò fún Nozomi ní ìwé náà, ẹ sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ń wá ìtàn ìfẹ́ tó dé orí ìpinnu kó dín ìrètí rẹ̀ kù nídìí fíìmù méjèèjì. Síbi tí Liz sún mọ́ ọn jù, ẹnìkan dì mọ́ ẹnìkejì, ó ka gbogbo ohun tó fẹ́ràn lára rẹ̀: ẹ̀rín rẹ̀, irun rẹ̀, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Èkejì fi ohun kan ṣoṣo dáhùn, ohun náà sì jẹ́ ohun èlò orin. Àwọn kan ní ìwà òǹrorò ni. Lójú tiwa, òótọ́ kan ṣoṣo tó lè sọ lọ́jọ́ yẹn láìpurọ́ ni.

Tí ẹ bá fẹ́ tò wọ́n pé: sáà kìn-ín-ní, sáà kejì, Liz, Our Promise, lẹ́yìn náà fíìmù kúkúrú Ensemble Contest ti ọdún 2023, kí ẹ tó bọ́ sí sáà kẹta ti 2024. Ẹ fi bí ọjọ́ kan sí àárín Liz àti Our Promise. Ẹni tó bá ti inú ìdákẹ́jẹ́ bọ́ sínú ariwo lójú ẹsẹ̀ yóò rò pé ariwo náà kò dára. Nígbà tí Liz bá sì ń parí lọ, tí àwọn méjèèjì ti jáde nílé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n jọ ń rìn, ẹ má tíì nawọ́ sí bọ́tìnnì. Ẹ tún tẹ́tí sí bàtà wọn, kí ẹ sì dúró kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ tún jáde, kí ẹ rí lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ìlà pa rẹ́ níwájú rẹ̀.